Agogo Agbóhùn àti Ìyàwó Bàbà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó yára jẹ ẹ́ tán, nítorí mi ò fẹ́ kí ìró eyín ẹnikẹ́ni da ìtàn mi rú. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí lẹ́nu ọdẹ mìíràn láti ibí títí dé etí òkun. Àwọn ọdẹ yòókù a máa sọ ti erin tí wọ́n pa. Èmi ti pa erin títí, ó ti sú mi. Ti idẹ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má wo ojú ara yín. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ ìyàwó tuntun tó jókòó sápá ibẹ̀ yẹn, kí ló ń dán níbẹ̀ bí kò ṣe idẹ? Ṣaworo tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ tí ń kọ́ ìrìn, kí ìyá rẹ̀ lè mọ ibi tó gbà, idẹ ni. Fìtílà tí ìyá àgbà yín fi ń ríran dáná, idẹ ni. Ère àwọn ọba tí wọ́n ti wàjà, tí ojú wọn kò tíì hunjọ títí dòní, idẹ náà ni. Bí a bá sì rí ọmọge tí ara rẹ̀ ń dán bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, a ó ní awọ idẹ ló ní. Ẹ̀ ń wọ̀ ọ́, ẹ̀ ń tàn án, ẹ̀ ń fi í yin ara yín, kò sì sí ẹnìkan nínú yín tó mọ bàbá tó bí i àti ìyá tó bí i. Àbúrò bàbá mi, Ọdẹ́níran, ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé àwọn méjèèjì. Ọdẹ gidi ni Ọdẹ́níran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìbọn í yìn tó mi.

Agbóhùn ni ìlú rẹ̀ ń jẹ́, ó wà láàárín igbó tí àwọn igi rẹ̀ fara ti ara wọn bí èrò ọjà. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a bo igbó náà débi pé ènìyàn kò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá wà lóko nígbà náà, ohùn agogo ńlá kan tí wọ́n gbé kọ́ sí àárín ìlú ló ń mú un wálé. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lu agogo náà, gbogbo ẹni tó wà nínú kùrukùru á kọjú síbi tí ohùn ti ń bọ̀, wọ́n á sì máa rìn tọ̀ ọ́ títí wọn á fi kọsẹ̀ lójúde ara wọn. Ilé làbọ̀ sinmi oko, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní Agbóhùn, bí agogo kò bá dún, kò sí ẹni tí yóò rí ilé bọ̀ sí.

Ìdí ni pé àwọn iwin ń gbé inú kùrukùru náà. Wọn kì í pa ènìyàn. Wọ́n á kàn máa bá a ṣeré, wọ́n á fún un ní èso jẹ, wọ́n á sì máa mú un rìn yípo yípo títí di ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ yóò rọ̀. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kùrukùru á ká tòun ti gbogbo ẹni tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀. A kì í rí irú wọn mọ́.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, okùn agogo náà já. Agogo yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó kó sínú ibú odò, ibú gbé e mì. Wọ́n bá lọ bá Ògúnjìmí, alágbẹ̀dẹ tí ń yọ́ idẹ, pé kó rọ òmíràn. Ó ti ń yọ́ àlòkù idẹ láti èwe, ẹ̀gbà tó ṣẹ́ àti fìtílà tó ń jò. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi àlòkù rọ agogo ìlú ní Agbóhùn. Wọ́n ní bí a bá fi ẹ̀gbà ẹnìkan rọ ọ́, ilé onítọ̀hún nìkan ni agogo yóò máa pe èrò lọ. Ọ̀tun ni yóò jẹ́, láti orí bàbà, irin pupa nì. Bàbá Ògúnjìmí, ẹni tó rọ agogo àkọ́kọ́, ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n Ògúnjìmí rántí bó ṣe ń ṣe é. Bí bàbà bá ti yọ́ tán nínú ìkòkò, bàbá rẹ̀ á kẹ̀yìn sí gbogbo ènìyàn, á mú nǹkan funfun kan jáde nínú àpò, á jù ú sínú ìkòkò, á sì wí pé, "Bàbà, gba ìyàwó rẹ."

"Ẹfun ni," Ògúnjìmí sọ fún àwọn àgbà. "Ètùtù ni bàbá mi ń ṣe."

Àwọn àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni nǹkan funfun mìíràn tí àgbàlagbà yóò fi sínú àpò, bí kò ṣe ẹfun?

Ṣùgbọ́n Ògúnjìmí ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, òun sì ni ìyàwó Ọdẹ́níran. Ó gbé omi wá fún àwọn tí ń fín ẹwìrì ní ọjọ́ náà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó sì dúró.

"Bàbá, kì í ṣe ẹfun o," ni Àwẹ̀ró wí. "Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n máa ń tẹ nǹkan yẹn wò létí wọn kí wọ́n tó jù ú síná. Ó sì máa ń sunkún."

Ẹ̀rín ta. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, àwọn tí ń fín ẹwìrì rẹ́rìn-ín, Ògúnjìmí fúnra rẹ̀ nu omijé ẹ̀rín nù lójú. Èyí tó rẹ́rìn-ín jù ni Ọdẹ́níran, ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹfun tí ń sunkún! Àwẹ̀ró, lọ́la wàá ní osùn ń jó." Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò omi rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n ju ẹfun sínú bàbà, wọ́n dà á. Nígbà tí wọ́n fọ́ amọ̀ ara rẹ̀ kúrò, agogo náà pupa, ó tóbi, ó lẹ́wà débi pé àwọn kan dọ̀bálẹ̀ fún un. Wọ́n gbé e kọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kùrukùru àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, Àwẹ̀ró sì ti gbé agbọ̀n lọ sígbó láti já ewé eéran. Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi òòlù lu agogo tuntun.

Ó ní, "Kù."

Wọ́n tún un lù, ó tún ní, "Kù," bí ìgbà tí iṣu bá já bọ́ sórí yanrìn. Ẹni tó dúró sí ìdí rẹ̀ gan-an ló gbọ́ ọ. Ọdẹ́níran sáré wọ inú kùrukùru, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ tí Àwẹ̀ró dá a lóhùn láti apá ọ̀tún, ó sáré síbẹ̀. Ohùn náà tún wá láti apá òsì, lẹ́yìn náà láti òkè igi. Àwọn iwin ló ń fi í ṣeré. Nígbà tó padà dé, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ kò gbẹ.

"Bàbá," ó wí fún àna rẹ̀, "níbo ni bàbá yín ti ń rí nǹkan funfun yẹn?"

"N ò mọ̀," Ògúnjìmí dáhùn. Gbogbo ìgbéraga ti tán lójú rẹ̀. "Ìwọ̀ oòrùn ló máa ń lọ, ó ní àwọn tó ń tà á fún òun kì í ṣe ènìyàn. Ọdẹ́níran, ọmọ mi kan ṣoṣo ni."

"Ẹ fi ìda oyin mọ àwòrán agogo mìíràn, ẹ fi amọ̀ bò ó, kí ẹ máa dúró dè mí," Ọdẹ́níran wí. "Mò ń lọ wá ìyàwó bàbà. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́."

Báyìí ló gbé ìbọn, ó pe àwọn ajá rẹ̀ méjì, Ẹnudùnúnròfọ́ àti Ọ̀rànòkànmí, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Mi ò ní sọ ti bí ọ̀nà ṣe jìn tó fún yín. Ẹsẹ̀ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ sọnù kì í ka ọ̀nà.

Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé ni adènà igbó àwọn iwin, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì etí. Etí wà ní iwájú orí, etí wà ní ikùn, etí méjì ń mì lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀. Ọdẹ́níran na ìbọn sí i. Iwin náà fi gbogbo ọwọ́ di ìwọ̀nba etí tí ọwọ́ rẹ̀ ká.

"Jọ̀wọ́, má yin nǹkan yẹn," ó bẹ̀ ẹ́. "Bí eṣinṣin bá họ ara, mò ń gbọ́ ọ. Àlọ́ ni mò ń pa fún èrò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, mo ń yà fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, mo ń yọ etí rẹ̀ lẹ mọ́ ara. Ṣé o ti ṣetán?"

"Pa á."

"Ó lẹ́nu, kò jẹun rí. Ó láhọ́n, kò tọ́ iyọ̀ wò rí. Bó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà oko á gbá jọ sílé."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, mo rí i pé ẹnu ti ń yún yín. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti dáhùn kí iwin náà tó la ẹnu. Ọdẹ́níran kò yára bẹ́ẹ̀, nítorí àlọ́ náà gún un láyà. Ó ní, "Agogo ni. Èyí tó wà nílùú wa ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ, nítorí kò lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó bàbà ni mò ń wá. Ìwọ tí o ní etí tó báyìí, ta ni obìnrin náà?"

Iwin náà ronú, gbogbo etí rẹ̀ sì ń mì. "N ò gbọ́ ọ rí," ó wí, ó sì dùn ún. "Ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹ̀kẹta tó wà níwájú, idẹ ni wọ́n ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Idẹ, ọmọ bàbà ni. Ẹni tó mọ ọmọ lè mọ ìyá." Ó yà lọ́nà. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ìlú Ẹ̀kẹta yìí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú mi rí ìlú, n ò rí irú rẹ̀. Eré ìje ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá ṣe ìkíní, wọ́n á fún un ní wúrà, láti ọjọ́ náà kò sì ní sùn mọ́ nítorí olè. Ẹni tó bá ṣe ìkejì, wọ́n á fún un ní fàdákà, á sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ráhùn pé díẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá ṣe ìkẹta ni wọ́n ń fún ní idẹ, òun ni wọ́n ń gbé jó, òun ni wọ́n ń pa ẹran fún, nítorí inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ka òun mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá ṣe ìkẹta nìkan ló sì lè bá ọba sọ̀rọ̀.

Ẹ ti mọ bí eré wọn yóò ṣe rí. Wọ́n to àwọn eléré àti Ọdẹ́níran sójú ìlà, wọ́n fọn fèrè, kò sẹ́ni tó sáré. "Ẹ máa lọ níwájú, ẹ̀gbọ́n." "Háà, mo ṣe lè ṣíwájú yín? Ẹ̀yin lẹ dàgbà." Ẹnìkan tẹ̀ láti so okùn ṣòkòtò tí kò tú. Òmíràn jókòó ó ń wá ẹ̀gún tí kò gún un. Ó ti pẹ́ tí eré ti bẹ̀rẹ̀, ìgbín kan sì kọjá lára wọn.

Ọdẹ́níran wo òréré, ó rí i pé àwọsánmọ̀ ti ń dúdú díẹ̀ lápá ibi tí Agbóhùn wà. Ó fa ẹran gbígbẹ méjì yọ nínú àpò, ó sọ wọ́n kọjá òpin ìlà lọ́hùn-ún. Ẹnudùnúnròfọ́ ló kọ́kọ́ ta kọjá, Ọ̀rànòkànmí tẹ̀ lé e, Ọdẹ́níran sì sáré tẹ̀ lé ìrù wọn. Ajá ṣe ìkíní, ajá ṣe ìkejì, ọdẹ ṣe ìkẹta. Àwọn ará ìlú ké, wọ́n ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọba ní òfin ò sọ pé ajá kì í ṣe eléré. Wọ́n fi wúrà kọ́ ọrùn ajá kan, wọ́n fi fàdákà kọ́ ọrùn èkejì, àwọn méjèèjì sì ti fi ẹsẹ̀ ha á kúrò kí wọ́n tó jẹ ẹran tán.

Ọba Ẹ̀kẹta fi ẹ̀gbà idẹ sí Ọdẹ́níran lọ́wọ́. "Kí lo fẹ́ bi mí?"

"Kábíyèsí, ta ni ìyàwó bàbà?"

"Ìbéèrè rẹ dára," ọba wí. "Wúrà dá wáyé. Fàdákà dá wáyé. Idẹ nìkan ló ní bàbá, tó ní ìyá. Ìdí tí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, ó mọ̀ pé òun kò dá dé. Ìyá rẹ̀ kò sí nílé ọkọ mọ́, wọ́n ti jà. Kọjá odò, wàá dé Ìlú Bàbà. Ẹnu àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ ni kí o ti gbọ́ ọ."

Àwọn ará Ìlú Bàbà pupa fòò, wọ́n sígbọnlẹ̀, wọ́n dúró gangan. Omijé wọn nìkan ló jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó sì ti ya ìlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ohùn wọn kì í kọjá ètè. Ọdẹ́níran ní láti fi etí lé ẹnu ọba wọn kó tó gbọ́ ohun tó ń wí.

"Òótọ́ ni, a ní ìyàwó rí," ọba náà wí. "Ọmọ ilé Tánganran ni, irin funfun kékeré kan tó rọ̀. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé bó bá ti tẹ orúnkún láti kí wa, á ké, a ó gbọ́ igbe lára rẹ̀. A ní irú àìlójútì wo nìyí? A fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tí a bí tó dún."

Ọdẹ́níran dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kejì, kedere, ní ìdí iná ẹwìrì: ó sì máa ń sunkún. Òótọ́ ni ìyàwó rẹ̀ sọ. Ó mọ̀ ọ́n, ó ti gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, ó sì wí i láàárín àwọn ọkùnrin tí ń rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọdẹ́níran, ojú tì í gidigidi, ó sì dùn ún ju bí ẹfọ̀n ṣe kàn án lọ́dún kan lọ. Ohun tí ajá rí tó fi ń gbó kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣe ìran wò. Obìnrin ti gbó, àwọn ọkùnrin ti ṣe ìran wò.

"Kí ló dé tí ẹ kò lọ bẹ̀ ẹ́?" ó bi ọba.

"Àwa pupa yìí?" Ọba wo orúnkún ara rẹ̀. "Kò tẹ̀ rí. Ìwọ tí o mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ṣé o lè bá wa ṣe alárenà?"

Bí ọdẹ Agbóhùn ṣe di alárenà nìyẹn, tó ń lọ bá irin tọrọ ìyàwó. Mo ti ṣe alárenà fún ẹ̀yin tó pọ̀ níbí, ẹ mọ̀ pé mi ò pàdánù rí. Ṣùgbọ́n n ò gbé ìbọn dání lọ rí.

Ní Ìlú Tánganran, funfun ni gbogbo wọn, ara wọn rọ̀, ojú wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Orí àga gíga ni wọ́n ń jókòó sí. Ohun tó bá já bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi í sílẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú un. Ọdẹ́níran rí arúgbó kan tí ìdí ọ̀pá rẹ̀ yọ̀, tó tẹ̀ díẹ̀. Ara rẹ̀ ké, "Hẹ̀ẹ́n!" bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìlú yíjú, wọ́n kí i pẹ̀lẹ́.

Wọ́n mú un lọ bá Ìyá Tánganran, àgbà gbogbo wọn. Ọdẹ́níran fi ìbọn lélẹ̀, ó na gbọọrọ sílẹ̀, ó fi àyà kan ilẹ̀. Bí a bá dọ̀bálẹ̀ kí arárá, kò ní kí a má ga nígbà tí a bá dìde. Ó sọ ohun tó bá wá fún un.

"Báwo ni wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú ìkòkò yẹn, àwọn oníbàbà?" Ìyá Tánganran bi í.

"Wọ́n pọ̀, Ìyá."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Díẹ̀ ni."

"Wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn."

"Ìyá, iyọ̀ díẹ̀ ló ń wà nínú ọbẹ̀, òun náà la sì ń bèèrè bí kò bá sí."

"Ẹnu dídùn," ìyá náà wí. "Kò sí alárenà tí kì í mú irú rẹ̀ wá. Sọ èyí tí kò dùn lẹ́nu rẹ fún mi."

Ọdẹ́níran gbé orí sókè. Kò fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọsánmọ̀ dúdú nì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: omi tí Àwẹ̀ró gbé wá, ọ̀rọ̀ tó sọ, ẹ̀rín tí òun fi í rín, àti osùn tí òun ní yóò jó.

"Ṣé òun náà rẹ́rìn-ín?"

"Rárá, Ìyá. Ó wò mí, ó lọ. Òun ló wà nínú kùrukùru báyìí."

Ìyá Tánganran tẹ̀ síwájú láti orí àga rẹ̀, ara rẹ̀ ké, kò sì fi ṣe nǹkan kan. Ó fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, ó fà á lé Ọdẹ́níran lọ́wọ́. Bí ọmọ náà ṣe kan ọwọ́ rẹ̀, ó di ọ̀pá irin funfun kékeré kan, tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ.

"Gbé e fún wọn," ó wí. "Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, tẹ ọmọ mi sí etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó wọ iná. Bí ẹnìkan bá tún rẹ́rìn-ín, yóò yọ́ dànù."

Bí Ọdẹ́níran ṣe rìn padà, ẹ má bi mí. Àwọn ajá ló dé ṣáájú, ahọ́n wọn ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tó wọ ìlú, ààrá ti ń kùn lókè, ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ògúnjìmí ti fi ìda ṣe agogo, ó ti fi amọ̀ bò ó, ó ti sun ún, ìda ti yọ́ jáde, àyè agogo sì ṣófo nínú amọ̀, ó ń dúró. Bàbà ti ń hó nínú ìkòkò. Oorun kò kan ojú rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti sọnù.

"Ṣé ẹfun ni?" àgbà kan bèèrè.

"Ẹ mú etí wá," Ọdẹ́níran wí.

Ó tẹ̀ ẹ́ sétí Ògúnjìmí ṣáájú. Irin náà sunkún, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ìgbà tí ẹnìkan ń sunkún nínú yàrá tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ògúnjìmí bo ojú. "Bàbá mi ò ṣètùtù rí," ó wí. "Ọmọ mi sọ fún mi." Àwọn àgbà tò, wọ́n ń gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà kan ní etí òun dí, kí wọ́n tún un tẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan já bọ́ sí àtàrí rẹ̀ tó pá, ó ní ó tó, òun ti gbọ́.

Ọdẹ́níran tẹ̀ ẹ́ sí etí ara rẹ̀ kẹ́yìn. Ó sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jù ú sínú iná.

"Bàbà," Ògúnjìmí wí, "gba ìyàwó rẹ."

Pupa ìkòkò náà yí padà lójú wọn, ó di ti oyin. Wọ́n dà á sínú amọ̀. Wọn kò jẹ́ kó tutù bó ṣe yẹ, àwọn obìnrin ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n fọ́ amọ̀ kúrò, wọ́n fi ewé tútù gbé e kọ́, ó ṣì ń jó wọn lọ́wọ́. Ọdẹ́níran gba òòlù.

Ohùn tó jáde lára agogo náà, mi ò ní fi ẹnu mi sín in jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ orin í kọ ju gbogbo yín lọ. Ó kọjá lórí òrùlé, ó wọ igbó, kùrukùru sì pín síhìn-ín sọ́hùn-ún fún un. Ọdẹ́níran ń lù ú, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kán òjò ti di méjì, ó ti di púpọ̀. Agbẹ̀gilódò kan jáde, ó ń nu ojú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá méjì tó lọ wo ebè. Ó tún lù ú. Apá rẹ̀ fẹ́ já. Òjò bẹ̀rẹ̀ gan-an, kùrukùru sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká láti etí igbó bí ẹní.

Àwẹ̀ró yọ jáde lábẹ́ etí kùrukùru tó ń ká náà, agbọ̀n ewé eéran ṣì wà lórí rẹ̀.

Ògúnjìmí ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Àwọn àgbà dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Àwẹ̀ró sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó wo agogo, ó wo ọkọ rẹ̀ tí òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó sunkún, àbí kò sunkún?" ó bèèrè.

"Ó sunkún," Ọdẹ́níran dáhùn. "Dárí jì mí."

"Osùn ńkọ́, ṣé ó jó?"

Ẹ̀rín bú, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, èyí ló jẹ́ kó dára. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í da idẹ ní Agbóhùn kí obìnrin kan tó sọ ohun tó bá rí ní ìdí iná. Bí kò bá rí nǹkan kan, yóò wí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ Ọdẹ́níran lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ìbọn ti mú etí rẹ̀. Síbẹ̀, bí agogo bá ti dún nírọ̀lẹ́, ibi yòówù kó jókòó sí, yóò yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Kí lo wí, Àwẹ̀ró?"

"N ò sọ nǹkan kan."

"Háà. Mo rò pé o sọ̀rọ̀ ni."

Yóò sì tún sún àga rẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ sí i, bóyá ìyàwó rẹ̀ fẹ́ sọ nǹkan.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà kó máa jẹ ẹ́.